Ẹsẹ̀ Màmá Ló Ya Àwòrán Ọgbà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan wò ná, kí n tó bọ́ sórí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ọgbà. Nínú èdè wa, ọgbà lè jẹ́ igi tàbí ọparun tí a fi yí ilé ká kí ewúrẹ́ má baà ráyè wọlé. Ó lè jẹ́ ibi tí a gbin òdòdó sí. Ibi tí èmi àti ẹ̀yin ti ń mu gààrí láàárọ̀, tí a ti ń du àyè ìjókòó ní kíláàsì, ọgbà ni wọ́n ń pè é, ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ibi tí wọ́n ń kó kìnnìún àti ọ̀bọ sí, ọgbà ẹranko. Ibi tí wọ́n ń ti ọ̀daràn mọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìyà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: nítorí ta ni wọ́n ṣe ṣe é?

Ní Broad Street ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà níbẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ní ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tó ti gba òmìnira, wọ́n ṣí ibẹ̀ fún aráyé gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Freedom Park. Theo Lawson tó ya àwòrán rẹ̀ kò pa ojú ibẹ̀ rẹ́. Ó jẹ́ kí a ṣì lè rí ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tò sí. Ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn kọ́ tẹ́lẹ̀, ìtàgé ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn olórin àti eléré orí ìtàgé ló ń lò ó. Ilẹ̀ yẹn kò ṣí kúrò níbi tó wà. Ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn ló yí padà.

Ẹ tún wo Ifẹ̀. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ló ṣáájú àwọn tó ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Humanities á ti rí i pé bí ilé náà ṣe ń ga sí i ló ń fẹ̀ sí i. Òkè yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé àjà òkè ló ń ṣíji bo àjà ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì, ẹnì kan ti ronú kan ènìyàn tí yóò dúró sábẹ́ ilé yẹn ní aago kan ọ̀sán.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Architecture o. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́. Iṣẹ́ ọgbà kan ṣoṣo ni mo tíì ṣe láyé mi, ìyá tó bí bàbá mi ni mo sì ṣe é fún, ní ìlú Ìsẹ́yìn, nígbà tí ASUU fi wá sílé fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín, torí mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín yín tí ìjọba máa fún níṣẹ́ lọ́la láti tún ìlú ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀.

Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ló ń bá Màmá jà. Bí àìsàn yìí ṣe máa ń ṣe ni pé omi inú ẹyinjú á máa ti ojú láti inú, á wá máa ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni náà á ṣì máa rí iwájú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó wà lápá ọ̀tún, kò ní rí ti òsì, kò sì ní rí ohun tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Á dà bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dá a dúró tàbí kó mú kó falẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ, kò ní padà. Nígbà tí dókítà máa fi sọ fún wa, èyí tó pọ̀ ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí Màmá fi lè rí ojú rẹ kedere, kó kí ọ, kó kì ọ́ dójú àmì, kó wá yí padà kó fẹsẹ̀ kọ ìkòkò tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó ń díbọ́n. Wọn ò mọ̀ ni.

Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ó já sínú gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, iwájú orí rẹ̀ bẹ́. Ìpàdé ẹbí bá délẹ̀. Bàbá mi ní òun máa gbé ìyá òun lọ sí Èkó, sínú fúláàtì wa tó wà ní àjà kẹta. Màmá ò jiyàn, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ilé yìí, bí ẹ bá di ojú mi, mo mọ ibi tí iyọ̀ wà. Bí ẹ bá gbé mi lọ sí Èkó, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fọ́jú." Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n wá fẹnu kò pé bí a bá lè tún àgbàlá ṣe débi pé kò ní ṣubú mọ́, kó dúró. Bí ó bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, Èkó yá.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn kì í ṣe òdòdó. Bóyá obìnrin kan máa gbé ilé ara rẹ̀ tàbí kò ní gbé e ni.

Àbúrò bàbá mi tó wà ní London, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá London, ló ní òun máa gbé owó rẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àwòrán náà rẹwà, mi ò ní purọ́. Koríko tútù ló wà láàárín àgbàlá, ó rí roboto. Ọ̀nà kan tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò yí koríko náà ká. Igi màsíkérédì 12 tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ọlọ́pàá. Interlock funfun wà níbi gbogbo tó kù. Àga sìmẹ́ńtì kan wà láàárín koríko. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, ó kọ ọ́ pé ká gé igi mángòrò torí ewé rẹ̀ ń dọ̀tí ilẹ̀.

Mo fi àwòrán náà han Màmá. Ó súnmọ́ fóònù náà, ó wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Mo rò ó títí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bọ̀dá London fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún 20 tó ti wo ilé yẹn kẹ́yìn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo bá ní kó fún mi ní ọjọ́ méje péré kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbà.

Ẹ mọ̀ pé a máa ń gbálẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù nílé. Ọwọ̀ á fa ilẹ̀ náà lọ gbọọrọ, á dà bí ìlà inú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí. Láti ọjọ́ kejì, èmi ni mo gba ọwọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé. Mo ń gbá a láàárọ̀, mo sì tún ń gbá a lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, màá wá ka ilẹ̀ bí ẹni ka lẹ́tà. Ẹsẹ̀ Màmá kò ṣòro mọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, ó máa ń fi ìlà kékeré sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ nótì Fonólọ́jì, mo ń ya ibi tí ẹsẹ̀ yẹn gbà sínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé, mo ní àwòrán tèmi lọ́wọ́. Àbí kí n sọ pé tiẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé Màmá kì í jókòó síbi kan. Ilé wa kọjú sí ìlà oòrùn. Láàárọ̀, iwájú ilé ń gbóná, ìbòòji wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ilé ìdáná ni Màmá ń wà. Tó bá di ọ̀sán gangan, tí ilé ò ní òjìji kankan mọ́, abẹ́ mángòrò ló ń lọ. Tó bá di aago mẹ́rin, òjìji ilé ti bọ́ sí iwájú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ló ń jókòó sí, tí yóò máa dá àwọn tó ń kọjá lójú títì mọ̀ nípa ohùn wọn. Ó ń tẹ̀ lé òjìji kiri ilé ni. Àga kan ṣoṣo láàárín koríko, nínú oòrùn, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ohun kejì ni pé oòrùn náà níṣẹ́ tirẹ̀. Màmá àti ìyàwó ilé kan ṣì ń ṣe èlùbọ́. Iwájú ilé tó ń gbóná láàárọ̀ yẹn ni wọ́n ń sá iṣu sí. Bí a bá gbin koríko síbẹ̀, tí a sì ń bomi rin ín, ibo ni èlùbọ́ máa gbẹ sí?

Ohun kẹta, òun ló le jù. Ìsẹ́yìn lèmi ń sọ o, ìlú aṣọ òfì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ń hunṣọ lábẹ́ àtíbàbà ní apá gúúsù àgbàlá. Ẹni tó bá ti rí òfì rí mọ̀ pé ahunṣọ kì í ká owú rẹ̀ sí tòsí. Ó ń na án gbọọrọ lọ síwájú ni, tí yóò fi òkúta tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó lè gùn tó mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ṣe ń hun ún ni òkúta náà á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Owú yìí ló dábùú ọ̀nà tí Màmá ń gbà láti ẹnu ọ̀nà ilé lọ sí ojú títì, kò sì ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ ní ìparí rẹ̀. Ibi tí Màmá kò ti lè ríran mọ́ gan-an nìyẹn. Ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ tí mo yà sínú ìwé fi hàn pé tó bá ti kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ó máa ń dúró, á wá yà bàrá, á gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Gọ́tà tó já sí nìyẹn. Kì í ṣe gọ́tà ló gbé e ṣubú. Owú ni.

Ohun kẹrin: lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ yẹn máa ń lọ síbi sàréè bàbá àgbà, á dúró níbẹ̀, á padà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀. Nínú àwòrán Bọ̀dá London, màsíkérédì mẹ́ta ló dí ọ̀nà ibẹ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Bọ̀dá London kò dáhùn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó pè, ohùn rẹ̀ le. Ó ní, "Ṣé kí ìyá mi máa gbé inú yẹ̀pẹ̀ náà ni gbogbo owó tí mò ń rán ṣe fún un?" Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo sìmẹ́ńtì yín níbi tí ẹsẹ̀ wọn ń gbà." Ó pa fóònù. Bàbá mi ló tún pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, owó wọlé.

Bí a ṣe ṣe é rèé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìdí ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ọgbọ́n tèmi.

Ọ̀nà márùn-ún la là: láti ẹ̀yìn ilé sí ilé ìdáná, sí ilé ìwẹ̀, sí abẹ́ mángòrò, sí sàréè, àti láti iwájú ilé sí ojú títì. Gbogbo wọn gún tààrà. Ọ̀nà tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ dùn ún wò fún ẹni tó ríran, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìlà tó gún ló lè há sórí. A fẹ ọ̀nà náà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ẹni méjì lè rìn pọ̀ láì fara gbún ara wọn. Bíríkìlà fẹ́ fi irin dán ojú rẹ̀ kó máa dán gbinrin bí ó ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. A bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọwọ̀ fà á nígbà tó ṣì tutù, kí ojú rẹ̀ le, kó má baà máa yọ̀. A kò lo interlock funfun. Tí oòrùn bá bà lé nǹkan funfun tó tẹ́ rẹrẹ, ó máa ń ta dànyìn sójú, ẹni tó ní glaucoma kì í sì í fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀nà nìkan la kùn ní funfun, kó yàtọ̀ sí ilẹ̀ pupa, kí ìwọ̀nba ìríran tó kù lè rí i mú.

Àtẹ̀gùn iwájú ilé jẹ́ mẹ́ta. Mo fi rúlà wọ̀n wọ́n: èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ínṣì 5, èkejì 8, ẹ̀kẹta 6. Ẹ dákun, ẹsẹ̀ ta ni yóò há irú ìyẹn sórí? A sọ gbogbo wọn di ínṣì 6, a kun etí wọn. Ní ẹ̀yìnkùlé, a mú àtẹ̀gùn kúrò pátápátá, a fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò rẹ̀: ínṣì kan tó bá ga, ínṣì 12 ló gbọ́dọ̀ fi gùn. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé fún kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn. Kò pẹ́ tí ìyàwó ilé fi ń ti bárò omi gba orí rẹ̀. A fi páànù sìmẹ́ńtì tó ní ihò bo gọ́tà.

Níbi tí ọ̀nà ti pínyà, a da òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ pé ìkóríta nìyí. Nítòsí ìkóríta ilé ìdáná, a gbin efinrin. Nítòsí ilé ìwẹ̀, a gbin koríko tí wọ́n fi ń ṣe tíì. Bí aṣọ bá ti kan ewé wọn ni òórùn wọn ń dìde, kò sì sí ẹni tó lè fi òórùn méjèèjì pe ara wọn. Mo ti kọ́kọ́ ní ká gbin rósì. Màmá ní, "Rósì? Ṣé a máa ń fi se ọbẹ̀ ni, àbí ẹ̀gún rẹ̀ lẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ wá kiri?" Ọ̀rọ̀ parí. Láti dá ewúrẹ́ lẹ́kun, mo ní ká fi làpálàpá ṣe ọgbà yí wọn ká, torí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Màmá kọ̀. Ó ní àwọn ọmọdé máa ń ká èso rẹ̀ jẹ, á sì máa gbé wọn ní inú rírun àti èébì. Pèrègún la lò, pẹ̀lú ọparun díẹ̀. Ẹ rí i pé ọgbà tí à ń ṣe fún arúgbó, ọmọ ọdún mẹ́ta náà wà nínú rẹ̀.

Àga mẹ́ta la mọ, ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan lábẹ́ mángòrò, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gíga wọn jẹ́ ínṣì 18. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúnkún àgbà kì í fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn, wọ́n sì ní apá tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tẹ̀ dìde. A kò gé mángòrò. Gbòǹgbò rẹ̀ tó yọrí sókè lójú ọ̀nà la fi yẹ̀pẹ̀ bò, a sì gé ẹ̀ka tó wálẹ̀ jù.

Ó wá ku owú. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é tí ọ̀nà ojú títì kò ní gba ìwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àfi bí wọ́n bá yí òfì wọn padà kó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n bínú. Wọ́n ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ta sí àwọn lójú, òótọ́ sì ni. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Níkẹyìn, a fi nínú owó Bọ̀dá London ra páànù, a fi gùn àtíbàbà wọn sí apá ibi tí oòrùn ti ń bọ̀. Owó màsíkérédì 12 nìyẹn. Wọ́n yí òfì padà. Ẹ̀gbọ́n tó bínú jù nínú wọn ló wá sọ pé páìpù irin tí a rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sàréè fún Màmá láti máa dì mú ń gbóná lọ́sàn-án. Ó kó àjákù aṣọ òfì jáde, ó wé e mọ́ páìpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Bọ̀dá London wálé ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023. Ó jáde nínú ọkọ̀, ó wo iwájú ilé. Èlùbọ́ ló rí, tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, mo rí i. Ó ní, "Kò sí òdòdó kankan." Màmá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ. Ó dìde, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gba ọ̀nà náà tààrà, ó wá bá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Kò sẹ́ni tó dì í lọ́wọ́ mú. Bọ̀dá London ò lè sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ òdòdó sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má rò pé òun ò fẹ́ nǹkan tó dára, ojú òun ló kéré. Ó ní kí Bọ̀dá London wá jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó wo iwájú gan-an, kó má yí ọrùn. "Ibi tó ò ń wò yẹn nìkan lèmi ń rí. Ibẹ̀ ni kó o gbìn ín sí." Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá London lọ wá hibiscus pupa mẹ́ta ra, ó gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbìn wọ́n sí ìdí ògiri tó kọjú sí àga náà gan-an. Mi ò mọ ọgbà tó kéré tó ìyẹn. Igi òdòdó mẹ́ta, ẹni kan ṣoṣo, àga kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé àti ìlú, mi ò ní fi iṣẹ́ yín kọ́ yín. Ohun tí mo kàn fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ tó yọ pẹ́ńsù, ẹ gbálẹ̀, kí ẹ sì jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀nà kan bá wà tí gbogbo ènìyàn ń gbà lórí koríko, tí ẹ bá gbé àkọlé "Ẹ má tẹ koríko" síbẹ̀, àkọlé yín ló máa wó. Ẹ béèrè ẹni tí ń sá nǹkan, ẹni tí ń na owú, ẹni tí kò ríran, ẹni tí ń lọ kí òkú rẹ̀. Wọn ò ní lè tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn tán, ìyẹn náà yé mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ráhùn nípa oòrùn ìrọ̀lẹ́ di òní. Àwọn ọmọ ilé tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀nà sìmẹ́ńtì ti gba àárín pápá àwọn. Ọgbà tí ènìyàn púpọ̀ ń lò, oníkálukú ló máa fi nǹkan sílẹ̀. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé ta ni kò ní lè gbé ibẹ̀ mọ́ bí kò bá rí tirẹ̀ gbà.

Ojú Màmá ti lọ tán báyìí. Kò rí hibiscus náà mọ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tó bá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó bá wà nítòsí pé, "Mélòó ló là lónìí?" Ọmọ náà á lọ kà á, á wá sọ fún un. Ó ṣì ń lọ sí ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Ó ṣì ń lọ sí ibi sàréè. Kò tíì ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ sí Èkó.

Ìṣòro kan ló kù. Ní àsìkò òjò, nǹkan tútù kan máa ń hù sójú sìmẹ́ńtì lábẹ́ mángòrò níbi tí oòrùn kì í dé, á sì máa yọ̀ bí ilá. Ọwọ̀ kò lè mú un. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti yanrìn ni, kí ènìyàn kúnlẹ̀ kó máa fi agbára họ ọ́. Iṣẹ́ tèmi ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lánàá. A máa parí ìdánwò lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá di Sátidé, ẹ má wá mi wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.